Ọrùn Ńkọ́?

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé yìí sí yín, ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń tún ọ̀kadà ṣe, ẹ̀yin tí ẹ ti gba fírídọ̀ọ̀mù, tí ẹ sì ti ní ọmọ iṣẹ́ tiyín. Ohun tó wọ́ lójú mi lọ́sẹ̀ tó kọjá kì í ṣe orí ọmọ tuntun o. Ọrùn Bajaj Boxer kan ni.

Ọlọ́kadà kan tó ń ná Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn ló gbé e wá. Ó ti kọ́kọ́ forí sọ ẹ̀yìn tírélà tó dúró sójú títì lóru láìtan iná. Orí kó o yọ. Wọ́n wọ́ máṣíìnì náà lọ sọ́dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ọwọ́ rẹ̀ yá; n kò ní í dárúkọ rẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì iwájú ti ká kò, ó yọ ọ́ dànù, bíréèkì onídúrọ́ọ̀mù sì bá a lọ. Ó ra ṣọ́ọ̀kì tókúnbọ̀ tí wọ́n yọ lára Pulsar 150, ó gbé rímù, dísìkì àti kálípà rẹ̀ sí i. Ó fi ọ̀dà dúdú kun ún títí ó fi ń dán gbinrin. Gbogbo àdúgbò ń kan sáárá sí i. Wọ́n ní ẹni tó lè sọ Boxer di Pulsar, ọ̀gá ni. Àwọn kan ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n ń pín in kiri lórí fóònù.

Ọlọ́kadà ní tirẹ̀ kò rí oorun sùn. Ó ní, "Bàbá, ó ń fà mí sápá òsì, bí mo bá sì tẹ bíréèkì báyìí, hándù á máa gbọ̀n lọ́wọ́ mi." Ó ti gbé e padà sọ́dọ̀ ẹni tó ṣe é. Nọ́ọ̀tì orí ọrùn nìyẹn kàn fún mọ́ ọn. Mo gbé iwájú máṣíìnì sókè, mo ti hándù díẹ̀. Ibi tí mo tì í sí ló dúró sí. Wọ́n ti fún un débi pé bọ́ọ̀lù inú rẹ̀ kò lè yí. Ìyẹn ni wọ́n fẹ́ fi pa gbígbọ̀n náà lẹ́nu mọ́.

Mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi yọ táńkì. Mo fi àtàńpàkò wọ́ abẹ́ ọrùn ṣáàsí, níbi tí páìpù tó sọ̀ kalẹ̀ síwájú ẹ́ńjìnnì ti lẹ̀ mọ́ ọn. Ó rí gbágungbàgun lọ́wọ́ mi. Mo fi ọ̀bẹ họ ọ̀dà ibẹ̀, ohun tó sì yọjú kì í ṣe irin. Pọ́tì ni, irú èyí tí àwọn pánẹ́ẹ̀bítà fi ń dí ara mọ́tò. Nígbà tí mo họ pọ́tì kúrò, páìpù abẹ́ rẹ̀ ti hunjọ, ìlà tín-ín-rín kan sì ti là á lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú wẹ́dà.

Ẹ dúró kí ẹ gbọ́ ibẹ̀ yẹn dáadáa. Ẹni tí kò mọ̀ kò lè fi pọ́tì sí i. Ẹni tó fi pọ́tì sí i ti rí i. Ẹ rántí oṣù kìíní ọdún 2009, nígbà tí àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó fi dandan lé àṣíborí, tí àwọn ọlọ́kadà kan de igbá mọ́rí tí wọ́n ń gùn ún lọ. A rẹ́rìn-ín nígbà náà. Ẹni tó de igbá mọ́rí, ẹ̀ṣọ́ ló fẹ́ tàn, orí ara rẹ̀ ló sì fi dúró. Ẹni tó fi pọ́tì dí ọrùn, orí oníbàárà ló fi dúró.

N kò ní í kọ́ yín bí a ṣe ń tú ṣọ́ọ̀kì tàbí bí a ṣe ń pààrọ̀ ọ́ìlì síìlì. Ẹ mọ̀ ọ́n. Ohun tí ẹ ń fò ni mo wá bá yín sọ. Bí máṣíìnì bá forí sọ nǹkan, táyà ló kọ́kọ́ gbà á, ó tì í fún rímù, rímù tì í fún ásù, ásù tì í fún ṣọ́ọ̀kì, ṣọ́ọ̀kì tì í fún irin méjì tó dì í mú lókè àti nísàlẹ̀, ìyẹn náà sì tì í fún ọrùn. Ṣọ́ọ̀kì tí ẹ rí tó ká kò yẹn kò gbé gbogbo ìyà náà mì. Àṣẹ́kù rẹ̀ ti lọ sókè. Ẹ̀yin wá yọ èyí tó ká kò tí gbogbo ayé ń rí, ẹ de tuntun mọ́ èyí tí ẹnikẹ́ni kò rí.

Bí ẹ bá tiẹ̀ dá bíréèkì onídúrọ́ọ̀mù àtijọ́ padà, ẹ̀bi yín ì bá kéré díẹ̀. Dúrọ́ọ̀mù ń bẹ táyà ni, dísìkì ń pàṣẹ fún un. Dísìkì Pulsar yẹn fẹ̀ tó mìlímítà 240. Bí ọlọ́kadà bá fún lífà rẹ̀, tòun tèrò méjì àti àpò gàrí tó wà láàárín wọn, gbogbo ẹrù náà ló ń ya lọ síwájú, ẹ̀yìn á fúyẹ́, ọrùn ni yóò sì gbà á. Kálípà sì nìyí, ẹsẹ̀ ṣọ́ọ̀kì kan ṣoṣo ló dè mọ́, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ kan ló ń fà jù. Bí iwájú tí ẹ gbé sí i bá ṣe lágbára tó ni ọrùn ṣe gbọdọ̀ dá yín lójú tó. Ọrùn tó ti hunjọ lè máa bá dúrọ́ọ̀mù rọra yí i lọ. Bó bá pàdé dísìkì, ọjọ́ tí ewúrẹ́ bá já lu ọ̀nà ló máa là.

Lẹ́yìn tí SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìjọba, dé ní 1986 ni mo wọṣẹ́. Mọ́tò wọ́n, ẹ̀yà ara rẹ̀ tún wọ́n jù ú lọ, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi máṣíìnì gbé èrò. Suzuki A100 àti Honda CG125 ló ń wọlé wá bá wa jù, dúrọ́ọ̀mù ni gbogbo wọn níwájú. Láti 1969 ni Honda ti gbé CB750 jáde pẹ̀lú dísìkì iwájú, ṣùgbọ́n nínú ìwé tí ẹnì kan mú bọ̀ láti Èkó la ti ń wò ó. Ọ̀gá mi kì í pariwo. Ìwọ á tún máṣíìnì ṣe tán, wàá fọ̀ ọ́, wàá fi girísì pa ṣéènì rẹ̀, wàá wá dúró síwájú rẹ̀ pé ó ti parí, sà. Á máa jẹ orógbó rẹ̀ lọ, kò ní í wo ìwọ, kò ní í wo máṣíìnì. Á ní, "Ọrùn ńkọ́?"

Bí o bá ní ó dáa, sà, á ní, "Ta ló sọ fún ọ?" Tú u padà nìyẹn. Mo ti sunkún lórí ọ̀rọ̀ yẹn rí, ní ọjọ́ kan tí àwọn ẹgbẹ́ mi ti lọ wo bọ́ọ̀lù. Lẹ́yìn rẹ̀, Bàbá Ọrùn là ń pè é.

Ọrùn ṣáàsí kan wà tó so kọ́ sára òpó ìsọ̀ rẹ̀, ọrùn nìkan, tí wọ́n ti gé kúrò lára ìyókù. Ibi iṣẹ́ ẹlòmíràn ni máṣíìnì náà ti jáde. Ẹni tó gùn ún kò délé. Ọmọ iṣẹ́ tuntun tó bá dé, kó tó kọ́ orúkọ sípánà, ọ̀gá á ní kó ti ìka bọ ibi tó là. Kò ní í ṣàlàyé. Lọ́dọọdún tí a bá ń bọ Ògún, tí ó bá ta epo sórí òòlù àti sípánà, á ta sórí ọrùn yẹn náà. Nígbà tí ó kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ta gbogbo irin ìsọ̀ fún àwọn tó ń ra irin jàǹkárìwọ̀. Mo dé ibẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Bí mo bá tètè gbọ́ ni, ǹ bá ti ra ọrùn yẹn.

Ẹ jẹ́ ká padà síṣẹ́. Ẹ yọ gbogbo iwájú kúrò kí ẹ tó ra ohunkóhun, kí owó oníbàárà má baà ti wọlé kí ẹ tó mọ ohun tí ẹ ń ṣe. Ẹ họ ọ̀dà ọrùn títí irin á fi hàn lójú wẹ́dà, kí ẹ fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́. Ẹ fi kẹrosíìnì pa á, ẹ fi sílẹ̀ kó wọlé dáadáa, kí ẹ wá fi àkísà mímọ́ nù ún gbẹ táútáú. Ẹ lọ ẹfun kúnná, ẹfun tí àwọn ìyá wa ń tà lọ́jà yẹn, ẹ bù ú lé e ní gbígbẹ, kí ẹ fi òòlù kékeré rọra máa kan páìpù náà. Bí ó bá ti là níbì kan, kẹrosíìnì tó sá pamọ́ síbẹ̀ á máa jáde, ìlà kan á sì fara hàn lójú ẹfun, tín-ín-rín bí irun. Mo ti rí i tí mẹkáníìkì tó dàgbà jù mí lọ na ọwọ́ sí i, tí kò lè sọ̀rọ̀. Bí ọ̀dà bá sì ti hunjọ lẹ́yìn páìpù yẹn, ẹ kò nílò ẹfun mọ́.

Lẹ́yìn náà, okùn, bí iwájú tó tọ́ bá ti wà lára rẹ̀. Ẹ gbé máṣíìnì nàró, ẹ fa okùn láti ẹ̀yìn táyà ẹ̀yìn lọ síwájú ní ọ̀tún àti lósì, kó fara kan etí táyà ẹ̀yìn níbi méjèèjì. Táyà iwájú tẹ́ẹ́rẹ́ jù ú, nítorí náà àyè á wà láàárín òun àti okùn. Àyè ọ̀tún gbọdọ̀ bá tòsì dọ́gba. Bí kò bá dọ́gba, ẹ má tíì dá ọrùn lẹ́bi. Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí a ti ń fa ṣéènì bóyá táyà ẹ̀yìn gan-an ló jókòó wọ́. Okùn yìí kò sì lè sọ bí ọrùn bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Èyí tí ẹ kì í ṣe rárá, tí ẹ sì gbọdọ̀ ṣe nígbà tí iwájú ṣì wà nílẹ̀, nìyí: ẹ ti páìpù gígùn tó tọ́ bọ inú ọrùn, kó jókòó ṣinṣin nínú kọ́ọ̀pù òkè àti tìsàlẹ̀, kí ẹ yá okùn ìwọ̀n lọ́wọ́ bíríkìlà. Ẹ fi mú táyà ẹ̀yìn dúró ṣánṣán, kí ẹ wá lọ dúró níwájú, kí ẹ wo páìpù yẹn sí okùn náà. Ojú yín á sọ fún yín.

Bí ọrùn bá yà díẹ̀ láìhunjọ, láìlà, a lè fà á padà ní tútù, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú páìpù gígùn, kí a tún yẹ̀ ẹ́ wò. Mo mọ àwọn tó ń fi ṣéènì so máṣíìnì mọ́ ìdí igi máńgòrò, tí wọ́n á fi iná gáàsì sun ọrùn títí á fi pọ́n, tí wọ́n á wá máa fà. Irin tó bá ti gba irú iná bẹ́ẹ̀ kì í le mọ́ bó ṣe le tẹ́lẹ̀. Bó bá ti hunjọ tàbí ó ti là, ṣáàsí ti kú. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ọlọ́kadà Mọ́níyà, ojú rẹ̀ sì pọ́n. Ṣọ́ọ̀kì, dísìkì àti kálípà rẹ̀ kò ní àbùkù kankan. Wọ́n wà nínú ọ̀rá lọ́dọ̀ mi títí yóò fi rí ṣáàsí mìíràn rà. Ara ọrùn ni wọ́n tẹ nọ́ńbà ṣáàsí sí lára ọ̀pọ̀ máṣíìnì, nítorí náà ẹ má fi gíráńdà débẹ̀, kí ẹ sì rán oníbàárà tó bá pààrọ̀ ṣáàsí lọ tún ìwé rẹ̀ ṣe, kí ọlọ́pàá má lọ sọ ọ́ di olè.

Ìyókù kò pọ̀. Ẹ yí páìpù ṣọ́ọ̀kì tókúnbọ̀ lórí dígí kí ẹ tó sanwó rẹ̀. Bí ọ̀pá àárín rẹ̀ kò bá bá kọ́ọ̀pù ọrùn mu, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ tọ́nà; ẹ má fi awẹ́ agolo mílíìkì wé e, mo ti rí i, mo sì mọ ẹni tó ṣe é. Bí ṣọ́ọ̀kì náà bá gùn tàbí kúrú ju ti àtijọ́, ìdúró ọrùn á yí padà, hándù á sì yí padà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ yọ sípíríǹgì, ẹ ti táyà sókè títí á fi dópin, kí ẹ rí i pé kò kan nǹkan kan. Ọ́ìlì bíréèkì ni DOT 3 tàbí DOT 4, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sórí másítà. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì á mú kí rọ́bà inú rẹ̀ wú. Wọ́ṣà bàbà tuntun ni kí ẹ lò sí họ́ọ̀sì. Ẹ yí hándù dé òpin lọ́tùn-ún lósì kí ẹ wo bóyá họ́ọ̀sì náà na jù. Kí ẹ tó fún bóòtù ásù gbẹ̀yìn, ẹ tẹ iwájú wálẹ̀ léraléra kí ẹsẹ̀ méjèèjì lè rí ìjókòó ara wọn.

Ẹ ó ní àyẹ̀wò ọrùn ń jẹ àkókò, oníbàárà kì í sì í sanwó ohun tí kò rí. Ẹ jẹ́ kó rí i. Ẹ pè é wá síbi ẹfun, kó fojú ara rẹ̀ wò ó. Èmi máa ń gba owó rẹ̀ lọ́tọ̀, mo sì ń kọ ọ́ sórí risíìtì lókè pátápátá, kí ó tó kan ṣọ́ọ̀kì, kí ó tó kan dísìkì. Ẹni tó bá ní òun kò ní í san án, mo máa ń ní kó gbé máṣíìnì rẹ̀ lọ. Àwọn kan gbé e lọ lóòótọ́, wọ́n sì bú mi dé ìta.