Ẹ̀KỌ́ ÌLERA: OŃṢẸ́ INÚ Ẹ̀JẸ̀
Kíkà: 1 Kọ́ríńtì 12:20–26

Ẹ̀yin ìyá wa nínú Olúwa, bí ọ̀bẹ bá gé wa lọ́wọ́ ní ìdáná, ojú ibẹ̀ a wú, a gbóná, a sì máa ro wá. Ibi tó fara gbọgbẹ́ ló ránṣẹ́ pe ìrànlọ́wọ́. Chemokine ni àwọn onímọ̀ ń pe ońṣẹ́ náà. Òun ló ń pe àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun, ọmọ-ogun inú ẹ̀jẹ̀ wa, wá síbẹ̀.

Lára sẹ́ẹ̀lì pupa ọ̀pọ̀ ènìyàn láyé, ohun kan wà tí í gbá ońṣẹ́ wọ̀nyí mú. Duffy ni orúkọ rẹ̀. Kò sí lára sẹ́ẹ̀lì pupa ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní 1976, àwọn onímọ̀ fi hàn pé àìsí rẹ̀ ń dáàbò bo ènìyàn lọ́wọ́ ibà vivax. Ṣùgbọ́n kò dí ọ̀nà mọ́ falciparum, ibà tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Nítorí náà, ẹ má pa nẹ́ẹ̀tì tì.

Àìsí Duffy yìí kan náà lè mú kí sẹ́ẹ̀lì funfun kéré nínú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ le. Bí ọmọ wa bá pè láti Lọ́ńdọ̀nù pé tòun kéré, kí a má kọ́kọ́ sunkún. Kí ó bi dókítà bóyá Duffy ló fà á, kí dókítà sì yẹ̀ ẹ́ wò dájú.

Ìbéèrè: Ta ni nínú ẹgbẹ́ wa ní Mọ́kọ́lá tó ti ránṣẹ́ ìrora, tí a kò tíì dìde lọ bá?