Ẹ̀KỌ́ FÚN ỌMỌ ẸGBẸ́: OLÓYÈ AKIN DEKO ÀTI FÁÀMÙ SẸ́TÙMẸ́ǸTÌ

Púpọ̀ nínú wa mọ Fáàmù Sẹ́tùmẹ́ǹtì tí ó wà ní Orin, lẹ́bàá Ìdó. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ wa kò mọ ẹni tí ó wà nídìí ètò náà. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ìtàn rẹ̀ wò, nítorí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ àti ọ̀rọ̀ gbèsè wà nínú rẹ̀.

1. Ta ni Olóyè Akin Deko?

Ọmọ Ìdànrè ni Olóyè Gabriel Akin Deko. A bí i ní 1913. Iṣẹ́ ilé kíkọ́ ni ó kọ́ ní London, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ ni ó sọ ọ́ di ẹni ńlá. Ó wọ Ilé Aṣòfin Ìwọ̀ Oòrùn lábẹ́ ẹgbẹ́ Action Group, ó sì di Mínísítà fún Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ní ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Lẹ́yìn náà, ó ṣe aṣojú FAO, àjọ oúnjẹ àgbáyé, fún ilẹ̀ Áfíríkà. Gbọ̀ngàn ńlá kan ní Yunifásítì Benin ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

2. Kí ni ó fẹ́ ṣe?

Ní oṣù kìíní 1955, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn. Nígbà tí àwọn ọmọ náà bá jáde ìwé mẹ́fà, iṣẹ́ ọ́fíìsì kò ní kárí wọn, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ kò fẹ́ di ọkọ́ baba wọn mú. Nítorí èyí ni ìjọba fi bẹ̀rẹ̀ Fáàmù Sẹ́tùmẹ́ǹtì ní 1959. Ilẹ̀ Ísírẹ́lì ni wọ́n ti wo àwòkọ́ṣe. Ọ̀dọ́ yóò kọ́ iṣẹ́ oko fún ọdún méjì, yóò gba ilẹ̀, ilé, àti owó oúnjẹ títí irè yóò fi so. Ẹ̀yáwó ni gbogbo rẹ̀, yóò san án padà. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni yóò máa bá wọn ra irinṣẹ́, tí yóò sì máa bá wọn ta irè.

3. Kí ló fà á tí kò fi rí bí a ti rò?

Èkíní: owó tí ó wọ ilé àti ẹ̀rọ pọ̀, kòkó àti ọ̀pẹ kì í sì í so lọ́dún kan.

Èkejì: owó oúnjẹ oṣooṣù mú kí àwọn kan máa rí ara wọn bí òṣìṣẹ́ ìjọba. Ọ̀pọ̀ fi oko sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta: ní oṣù karùn-ún 1962, rògbòdìyàn òṣèlú mú kí ìjọba àpapọ̀ kéde ìjọba pàjáwìrì ní Ìwọ̀ Oòrùn. Ètò tí ó gbára lé ìjọba ń mì bí ìjọba bá ń mì.

Ẹ̀kẹrin, tí ó kàn wá jù: òkè ni ẹgbẹ́ wọn ti wá. Ìjọba dá a sílẹ̀ kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó fi kọ́bọ̀ kan pamọ́. Àáró kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tí ó pàṣẹ àáró fún àwọn baba wa. Ẹni tí ó bá jẹ àáró mọ̀ pé òun yóò san án, nítorí ojú ń ti ojú.

4. Ẹ̀kọ́ wa

A kò bu ọlá Olóyè Deko kù. Ó rí ìṣòro àwọn ọ̀dọ́ kí ó tó dé, ó sì wá nǹkan ṣe sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba tàbí báńkì bá gbé owó wá fún ẹgbẹ́ wa, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo owó ìpín àti owó ìfipamọ́ tiwa. Ẹ̀yáwó tí a rò pé owó ìjọba ni kì í ní olówó, ẹgbẹ́ ni yóò sì kú sórí rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ

(a) Èló nínú owó ẹgbẹ́ wa ni ó jẹ́ tiwa, èló ni ó jẹ́ gbèsè?
(b) Irè wo ni a lè gbìn tí yóò mú owó wọlé kí kòkó tó so?
(d) Ọ̀dọ́ mélòó ni ó wà nínú ẹgbẹ́ wa? Kí ni yóò mú wọn dúró?

Kí akọ̀wé kọ ìdáhùn sínú ìwé ìpàdé. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.