Bí A Ṣe Ń Se Ẹran Màlúù Líle Nínú Ọbẹ̀ Wáìnì

Láti Ọjà'ba dé Bẹẹrẹ, láti ìdí òkè Mápó dé Bẹyẹrúnká, bí ìnáwó bá dé, ẹran màlúù ni a sábà fi ń ṣe àlejò. Ṣùgbọ́n ẹran tí ó le bí awọ bàtà kò ṣeé gbé ka iwájú àlejò, pàápàá nígbà tí owó rẹ̀ kò kéré. Nítorí náà ni àwọn ìyá ilé fi ń wá ọ̀nà tí ẹran yóò fi rọ̀. Ọ̀nà kan wà tí ó léwu, ọ̀kan sì wà tí ó dára. Ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ yìí dá lórí méjèèjì.

Ohun tí ó ń mú kí ẹran le

Màlúù tí ó ti dàgbà, tí ó sì ti rìn jìnnà nínú pápá, a máa ní ẹran líle ní apá, ní ẹsẹ̀ àti ní igbá-àyà, nítorí àwọn ẹ̀yà ara wọ̀nyí ni ó ń ṣiṣẹ́ jù. Bí a bá wo irú ẹran bẹ́ẹ̀ dáadáa, a óò rí àwọn fọ́nrán funfun tí ó so ó pọ̀. Bí a bá fi iná líle sè é, ẹran a súnkì, omi ara rẹ̀ a jáde, a sì gan. Ṣùgbọ́n bí ó bá wà nínú omi lórí iná pẹ́lẹ́ fún wákàtí mélòó kan, àwọn fọ́nrán náà yóò yọ́. Ohun tí ó yọ́ yìí ni ó ń mú kí omi ẹran dì nígbà tí ó bá tutù, òun náà ni ó sì ń mú kí ọbẹ̀ ki. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ àwọn àgbà pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Ọ̀nà tí ó léwu

Àwọn kan a máa ju hóró parasitámọ́ọ̀lù sínú ìkòkò kí ẹran lè tètè rọ̀, kí igi tàbí èédú má baà tán. Àjọ NAFDAC, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1993 láti máa bójú tó oúnjẹ àti oògùn, ti kìlọ̀ fún àwọn ará ìlú pé kí wọ́n jáwọ́ nínú àṣà yìí. Oògùn ibà àti ẹ̀fọ́rí ni parasitámọ́ọ̀lù. Bí ó bá pọ̀ jù lára, a máa ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ó sì lè pa ènìyàn. Ẹni tí ó jẹ ẹran náà kò mọ iye oògùn tí òun gbé mì. Bí ọmọ kékeré bá wà nídìí àwo, tàbí ẹni tí ó ti lo hóró méjì ní òwúrọ̀ nítorí ẹ̀fọ́rí, ewu náà a pọ̀ sí i. Owó èédú tí a rò pé a fi pamọ́ lè di owó ilé ìwòsàn.

Ọgbọ́n àwọn ará Faransé

Ní agbègbè Burgundy ní ilẹ̀ Faransé, níbi tí èso àjàrà pọ̀ sí, wáìnì pupa ni wọ́n fi ń se ẹran màlúù líle. Ní ọdún 1903, gbajúmọ̀ alásè wọn, Auguste Escoffier, kọ ọ̀nà sísè rẹ̀ sínú ìwé. Wáìnì a máa kan díẹ̀, èyí sì ń fún ọbẹ̀ ní adùn. Iná pẹ́lẹ́ ni ó ń ṣe iṣẹ́ ìyókù. Kò pọn dandan kí a ní ààrò òyìnbó. Ìkòkò irin tí ó nípọn, tí ìdérí rẹ̀ sì dé pinpin, ti tó.

Bí a ó ti ṣe é

Àwọn èròjà ni: odindi ègé ẹran apá kan tí ó wọn kílò 1½, tí dókítà ẹran ti yẹ̀ wò, ife wáìnì pupa 2, ife omi 1, àlùbọ́sà ńlá 3, tòmátì 3, ata rodo 1, aáyù àti atalẹ̀ díẹ̀, òróró ṣíbí 3, àti iyọ̀.

1. Kí a fi iyọ̀ pa ẹran lára, kí a dé e mọ́ inú abọ́ fún wákàtí 1. Lẹ́yìn náà, kí a fi aṣọ mímọ́ nù ún gbẹ, nítorí ẹran tí ara rẹ̀ tutù kì í pọ́n nínú òróró.

2. Kí a dín in nínú òróró gbígbóná títí gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò fi pọ́n, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15. Kí a gbé e sílẹ̀.

3. Kí a dín àlùbọ́sà, aáyù, atalẹ̀, ata àti tòmátì nínú òróró kan náà. Kí a da wáìnì sí i, kí a fi ṣíbí ha ìdí ìkòkò, nítorí ibẹ̀ ni adùn lẹ̀ mọ́. Bí ó bá hó fún ìṣẹ́jú 5, kí a bu omi sí i.

4. Kí a dá ẹran padà, kí a dé ìkòkò, kí a fa igi sẹ́yìn kí ó ku ẹ̀yinná. Kí ọbẹ̀ máa mì díẹ̀díẹ̀, kí ó má ṣe hó yaya. Kí a máa yí ẹran padà ní ìṣẹ́jú 30 sí 30, fún wákàtí 3. Bí omi bá fẹ́ gbẹ, kí a fi omi gbígbóná kún un.

5. Bí ọ̀bẹ bá wọ inú rẹ̀ láìjà, ó ti jinná. Kí a gbé e jáde fún ìṣẹ́jú 15, kí a sì jẹ́ kí ọbẹ̀ hó títí yóò fi ki. Kí a gé ẹran ní ìdábùú fọ́nrán rẹ̀, kí a bu ọbẹ̀ lé e. Ó bá iṣu sísè àti ìrẹsì mu.

Ẹni tí kò rí wáìnì tàbí tí kì í mu ọtí

Ẹni tí kò rí wáìnì rà lè lo ẹmu tuntun tí kò tíì kan. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe rò pé iná a máa gbé gbogbo agbára ọtí lọ. Díẹ̀ a máa ṣẹ́kù nínú ọbẹ̀. Nítorí náà, nínú ilé Mùsùlùmí, àti nílé gbogbo ẹni tí kì í fẹnu kan ọtí, kí a fi omi ẹran ife 2, tòmátì 2 sí i àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ ṣíbí 1 dípò rẹ̀. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ kí ẹran yá díẹ̀, kí ó gún ìbẹ́pẹ tí kò pọ́n, kí ó fi ra ẹran lára fún ìṣẹ́jú 30 kí ó tó sè é. Kí ó má ṣe jẹ́ kí ó pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ara ẹran má baà rà.

Ẹni tí ó bá ní sùúrù yóò se òkúta jinná, yóò sì mu omi rẹ̀. Ẹran màlúù kò le tó òkúta. Kí hóró oògùn wà nínú àpótí oògùn, kí a sì fi ìkòkò sílẹ̀ fún iná pẹ́lẹ́.