Ohùn Wa Lọ́jà: Ìṣirò Tí Ó Yẹ Kí Ẹ Ṣe Kí Ẹ Tó Bẹ̀rẹ̀ Sí Í Kàwé Gbowó

Ìbéèrè kan ń tọ̀ wá wá léraléra lórí ojú ìwé ìṣòwò yìí: ṣé òótọ́ ni pé ènìyàn lè jókòó sílé, kí ó máa ka ìwé sínú ẹ̀rọ, kí wọ́n sì máa sanwó fún un? Àwọn tí ń béèrè jù ni àwọn ìyá tí ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, tí wọ́n ń wá iṣẹ́ tí yóò jẹ́ kí wọ́n lè máa sùn lálẹ́ bí ẹni gbogbo, àti àwọn ọmọ wa tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ gidi ni, kì í ṣe eré, ó sì ní ìṣirò tirẹ̀. Ìṣirò yẹn ni ẹ̀kọ́ wa lónìí.

Ìwé àfetígbọ́, ìyẹn ìwé tí ẹnìkan kà sínú ẹ̀rọ kí ẹlòmíràn lè gbọ́, kì í ṣe nǹkan àná. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1935 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ lórí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù sí àwọn afọ́jú ní ilẹ̀ Bírítéènì, tí àwọn ọmọ ogun tí ojú wọn fọ́ nínú Ogun Àgbáyé Kìíní wà lára wọn. Ìwé Agatha Christie kan àti ti Joseph Conrad kan wà nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ kà. Kásẹ́ẹ̀tì dé lẹ́yìn náà, CD tẹ̀lé e. Audible, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1995, bọ́ sọ́wọ́ Amazon ní 2008. Ní 2011 ni ó ṣí ọjà kan tí ń jẹ́ ACX, níbi tí òǹkọ̀wé àti ẹni tí yóò ka ìwé rẹ̀ ti lè pàdé láìsí alágbàtà. Ọjà yìí ni ó gbé iṣẹ́ náà kúrò nínú sítúdíò olówó ńlá wá sínú yàrá ẹni. Àwa tí a wà ní Bírítéènì lè wọ ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ará wa ní Amẹ́ríkà, Kánádà àti Ireland.

Kí ni a ní láti tà níbẹ̀? Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ohùn tí ó dà bí ti olóyìnbó nìkan ni wọ́n ń wá. Ìwé tí àwọn ọmọ wa ń kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ń pọ̀ sí i, orúkọ Yorùbá, oúnjẹ Yorùbá àti àdúgbò wa sì kún inú wọn. Adjoa Andoh, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Gánà, ni ó ka Stay With Me tí Ayọ̀bámi Adébáyọ̀ kọ. Bahni Turpin, ọmọ Amẹ́ríkà, ni ó ka Children of Blood and Bone tí Tomi Adeyemi kọ, ìwé tí àwọn tí ń pọfọ̀ nínú rẹ̀ ń fi Yorùbá pè é. Ìwé yẹn ni ó gba ẹ̀bùn Audie fún ìwé àfetígbọ́ tí ó ta yọ jù lọ ní 2019. Adepero Oduye, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ni ó ka My Sister, the Serial Killer ti Oyinkan Braithwaite fún ọjà Amẹ́ríkà. Ẹ ó rí i pé ohùn dúdú ń jẹun níbẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ èdè wa tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá bọ́ sí lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ wá ẹni bi léèrè, nítorí ẹni tí kò mọ àmì ohùn lè gbé ọkọ́ fún ìyàwó níbi tí òǹkọ̀wé ti ní ọkọ. Iṣẹ́ kékeré kan tilẹ̀ wà lọ́tọ̀, pé kí a kàn pe àwọn orúkọ inú ìwé sínú ẹ̀rọ fún ẹni tí yóò kà á. Ẹ má ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́.

Ó yá, ẹ mú bébà. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú òwò yìí tí ó ti ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà: wákàtí. Owó tí wọ́n ń dá lé iṣẹ́, orí wákàtí gbígbọ́ ni wọ́n ń dá a lé, kì í ṣe wákàtí iṣẹ́. Wákàtí gbígbọ́ ni iye àkókò tí ẹni tí ó ra ìwé náà yóò fi gbọ́ ọ tán. Ọ̀rọ̀ bíi 9,300 ni ó ń wọ inú wákàtí gbígbọ́ kan, nítorí náà ìwé tí ó ní ọ̀rọ̀ 74,400 yóò jẹ́ wákàtí 8. Ká ní òǹkọ̀wé fẹ́ san £100 lórí wákàtí gbígbọ́ kọ̀ọ̀kan: £800 nìyẹn. Ẹni tí kò bá mọ ìdí iṣẹ́ yóò rò pé òun yóò fi ọjọ́ kan pa £800, yóò sì máa múra àtifi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ dúró ná. A gbọ́dọ̀ ka ìwé náà tán kí a tó tan ẹ̀rọ, kí a má bàa dé orí 12 kí a tó mọ̀ pé ọmọ Glasgow ni ẹni tí a ti ń fi ohùn Ìjẹ̀bú kà láti orí kìíní. A óò kà á sínú ẹ̀rọ, a óò ṣì í kà, a óò padà, a óò tún un kà. A óò gé ibi tí a ti wúkọ́ dànù. Lẹ́yìn náà a óò tún gbọ́ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, nítorí etí máa ń tan ènìyàn. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ iṣẹ́ yìí máa ń lo nǹkan bíi wákàtí iṣẹ́ 6 fún wákàtí gbígbọ́ 1. Fún ìwé wa, wákàtí 48 nìyẹn, £800 sì di nǹkan bíi £16.66 ní wákàtí kan. Kò burú. Ṣùgbọ́n ká ní ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lo wákàtí 10: wákàtí 80 fún £800, £10 ní wákàtí. Ní oṣù Kẹrin 2025 ni owó oṣù tí ó kéré jù tí òfin gbà fún àgbà òṣìṣẹ́ níbí di £12.21 ní wákàtí. Ẹni náà ń gba owó tí ó kéré sí ti òfin, kò sì sí ẹni tí yóò bá a jà, nítorí òun ni ọ̀gá ara rẹ̀.

Ẹ wá wo èyí. Ká ní ó gbé iṣẹ́ gígé àti títún ohùn ṣe fún ẹlòmíràn ní £30 lórí wákàtí gbígbọ́ kọ̀ọ̀kan. Yóò san £240, yóò ku £560. Bí wákàtí tirẹ̀ bá wá sílẹ̀ láti 80 sí 45, £12.44 ni ó ń pa ní wákàtí. Ó sanwó, ó sì tún jèrè. Apá yìí gan-an ni a fẹ́ kí àwọn ọmọ wa tí wọn kì í gbójú kúrò lára kọ̀ǹpútà wò dáadáa: kò béèrè ohùn dídùn, etí àti sùúrù ni ó ń béèrè. Bí ó bá jẹ́ ọmọ yín ni ẹ gbé e fún, ẹ san owó rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀nà kejì tí wọ́n ń gbà san owó ni kí òǹkọ̀wé má san nǹkan kan, kí ẹ jọ máa pín owó títà. Ká ní ìwé kan náà ta ẹ̀dà 60 lọ́dún kìíní, tí £1.50 kàn yín lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan: £90 fún wákàtí 80. £1.12 ní wákàtí kan. Àwìn iṣẹ́ ni a ń pe èyí, lọ́wọ́ ẹni tí ẹ kò mọ ilé rẹ̀. Ní tiwa, ìwé kan ṣoṣo ni a lè gbà kí ènìyàn ṣe báyìí, kí ọwọ́ rẹ̀ lè mọ́ iṣẹ́ náà, àyàfi bí òǹkọ̀wé bá ti ní àwọn ìwé mìíràn tí ń tà wàràwàrà. Ẹni tí ó bá sì ní kí ẹ kọ́kọ́ sanwó kí òun tó fún yín níṣẹ́, oníjìbìtì ni.

Ní ti yàrá, ẹ má sáré ra makirofóònù olówó iyebíye. Yàrá ni ó ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. ACX fẹ́ kí ohùn wà láàárín -23 àti -18 dẹ̀síbẹ̀lì, kí ibi tí ó ga jù má kọjá -3, kí ariwo yàrá nígbà tí ẹnu bá dákẹ́ má sì kọjá -60. Ẹ má jẹ́ kí òǹkà yìí dẹ́rù bà yín, Audacity tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́ lórí kọ̀ǹpútà lè wọ̀n wọ́n. Èyí tí ó le ni -60 yẹn: fíríìjì, ọmọ aládùúgbò tí ń sáré lórí àtẹ̀gùn, bàálù tí ń lọ sí Heathrow. Ọ̀pọ̀ ló ń kàwé láàárín aṣọ nínú wọ́dúrọ́ọ̀bù, nítorí aṣọ máa ń gbé ohùn mì, kì í jẹ́ kí ó ta padà. Àwọn aṣọ ẹbí tí a ti rà láti ọdún gbọọrọ wá rí iṣẹ́ ṣe nìyẹn. Ẹ bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́, ẹ má sì jókòó pẹ̀lú ebi: ikùn máa ń sọ̀rọ̀, makirofóònù sì máa ń gbọ́ ọ.

Kí a tó fọwọ́ síwèé, ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ní 2023 ni Amazon bẹ̀rẹ̀ sí í dán ohùn ẹ̀rọ wò ní Amẹ́ríkà fún àwọn òǹkọ̀wé tí ń tẹ ìwé wọn jáde fúnra wọn. Láti ìgbà náà ni ó ti yẹ kí a máa wo inú ìwé àdéhùn fún gbólóhùn tí ó ní kí ẹni tí ó gba ohùn wa lè fi kọ́ ẹ̀rọ, tàbí kí ó lò ó fún ohun gbogbo títí ayé. Ẹyin lohùn. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìwé yìí nìkan ni ohùn náà wà fún. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ jẹ́ kí £800 wọn máa lọ.

Ó ku owó orí, tí ó jẹ́ iṣẹ́ wa gan-an. Láti oṣù Kẹrin 2017, ẹni tí owó tí ó wọlé fún un láti inú òwò tirẹ̀ kò bá ju £1,000 lọ láàárín 6 April sí 5 April ọdún kejì kò ní láti ròyìn rẹ̀ fún HMRC. Owó tí ó wọlé ni a wí, kì í ṣe èrè. Ìwé kan ní £800, kò sí wàhálà. Ìwé méjì ní £1,600, ẹ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ kí 5 October tí ó tẹ̀lé òpin ọdún náà tó kọjá, kí ẹ sì ròyìn, kí ẹ sanwó, kí 31 January tó kọjá. Ẹ lè yọ £1,000 yẹn kúrò, tàbí kí ẹ yọ ìnáwó yín gan-an. Ẹ kò lè yọ méjèèjì. Ká ní ẹ ra ẹ̀rọ £450, ẹ san £480 fún ẹni tí ó tún ohùn ṣe, ẹ sì yọ £10 lóṣù fún oṣù 6 tí ẹ fi ilé ṣe ibi iṣẹ́ (HMRC gbà bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ó ṣiṣẹ́ wákàtí 25 sí 50 nílé lóṣù): £990 ni gbogbo rẹ̀. £1,000 fi £10 jù ú lọ, òun ni kí ẹ mú. £600 ni ó kù tí owó orí yóò kàn. Ẹni tí owó oṣù ibi iṣẹ́ rẹ̀ ti jẹ £12,570 tí ìjọba kì í gba owó orí lé tán yóò san ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lórí rẹ̀, £120. Ẹ yà á sọ́tọ̀ lọ́jọ́ tí owó bá dé. Bí ó bá jẹ́ ìpín owó títà láti Amẹ́ríkà, ẹ kọ fọ́ọ̀mù owó orí wọn dáadáa, nítorí àdéhùn Bírítéènì àti Amẹ́ríkà kò jẹ́ kí wọ́n yọ nǹkan kan níbẹ̀. Bí ẹ kò bá kọ ọ́, ìdá 30 ni wọ́n lè dá dúró.

Ẹni tí físà akẹ́kọ̀ọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣòwò fúnra rẹ̀ ní ilẹ̀ yìí, ìwé kíkà náà sì jẹ́ òwò. Ẹni tí ó wá pẹ̀lú físà iṣẹ́ ìtọ́jú, kí ó kọ́kọ́ bi agbẹjọ́rò ọ̀rọ̀ físà kí ó tó gba kọ́bọ̀.

Ẹni tí ìwé àdéhùn bá ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó mú un wá sí ìpàdé kí ó tó fọwọ́ sí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Ẹ má fi hàn wá lórí fóònù.