Owó Tí Ọkọ̀ Ògbólógbòó Ń Jẹ

Nínú ẹ̀kọ́ tó ṣáájú èyí, a kọ́ bí a ṣe ń kọ owó sílẹ̀ ní ìlà-ìlà, tí a sì ń rò ó pọ̀. Lónìí a ó fi ìmọ̀ náà yẹ ọkọ̀ kan wò.

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń kàwé lọ́dọ̀ wa ní Awo níbí ló ni ọkọ̀ náà. A kò ní dárúkọ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí a sọ ìtàn náà fún yín. Ó ní òun ti san owó ẹ̀kọ́ ọ̀hún, kí ẹlòmíràn wá kọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́.

Àgbẹ̀ ni ọkùnrin yìí. Ẹ̀gẹ́ ló ń gbìn jù, ìyàwó rẹ̀ sì ń yan gàrí tà. Ní ọjọ́ ọjà, wọn a háyà ọkọ̀ láti kó ẹrù lọ sí Ẹdẹ tàbí Òṣogbo. Ní ọdún 2022, ₦6,000 ni wọ́n ń san lẹ́ẹ̀kan. Owó náà ń dun ọkọ. Ó ní, “Títí dìgbà wo ni a ó máa bọ́ ọmọ ọlọ́mọ?” Ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọkọ̀ tirẹ̀.

Ó rí méjì. Peugeot 504 ni méjèèjì, irú èyí tó ní ẹ̀yìn tí a ń kó ẹrù sí, tí a ń pè ní píkọ́ọ̀pù. Àwa tí a ti lé ní àádọ́ta ọdún mọ 504 dáadáa. Ní ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Kaduna. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, 504 ni ọkọ̀ àwọn ọ̀gá ìjọba, òun ni ọkọ̀ oníṣòwò, òun náà ni akérò ọ̀nà jíjìn. Ọkọ̀ tó lágbára ni. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí wọ́n ti dá títo rẹ̀ dúró, nítorí náà èyíkéyìí tí ènìyàn bá rà lónìí, àgbà ni. Egungun rẹ̀ lè le. Awọ ara rẹ̀ ńkọ́?

Èyí tó wà ní Òṣogbo, ₦850,000 ni wọ́n pè é. Èkejì tó wà nítòsí ilé, ₦650,000. Nínú owó tí wọn yóò fi rà á, ₦200,000 jẹ́ owó àjọ ìyàwó, tí ó ti ń dá fún ọdún méjì. Ìyàwó béèrè ọ̀rọ̀ kan, ó ní, “Bàbá àwọn ọmọ, kí ló dé tí èyí fi pọ́ọ́kú tó báyìí?”

Ọkọ dá a lóhùn pé, “Ìyá àwọn ọmọ, ọ̀dà ara rẹ̀ ni kò dára. A ó kùn ún.” Mẹkáníìkì tó mú lọ síbẹ̀ náà wò ó yíká, ó ní ₦80,000 ti tó láti tún un ṣe. Wọ́n bá ra ti ₦650,000.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níhìn-ín, kí a sọ̀rọ̀ ìpẹtà. Nígbà tí irin, omi àti afẹ́fẹ́ bá pàdé, irin a dípẹtà, tàbí bí àwọn mìíràn ṣe ń wí, a dógùn-ún. Bí iyọ̀ bá wà nínú omi náà, tàbí bí omi náà bá kan, kíá ni yóò máa jẹ irin lọ. Ní ìlú òyìnbó, nígbà òtútù, omi a máa dì sójú títì, wọn a sì da iyọ̀ sí i kí ọkọ̀ má baà yọ̀. Iyọ̀ yìí ń ta sí abẹ́ ọkọ̀. Ìdí nìyí tí Tòkunbọ̀ mìíràn fi ń dán lókè, tí abẹ́ rẹ̀ sì ń jẹrà. Nígbà kan, ìjọba Netherlands yẹ àwọn ọkọ̀ àlòkù tí wọ́n fẹ́ kó wá sí ilẹ̀ Áfíríkà wò ní èbúté wọn. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni kò ní ìwé ẹ̀rí mọ́ pé ó yẹ lójú títì.

Ti ọkùnrin wa yìí kò wá láti òkè òkun o. Ẹ̀gẹ́ tútù ni wọ́n ti fi kó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe fùfú tàbí gàrí mọ bí omi ẹ̀gẹ́ ṣe ń kan, àti ohun tó ń fi ojú abẹ́ rí. Ohun kan náà ló ṣe fún ilẹ̀ ọkọ̀ náà.

Ìpẹtà tó wà lójú irin nìkan kò burú púpọ̀. A lè ha á kúrò, kí a kùn ún ní ọ̀dà. Èyí tó ti jẹ irin dénú ni kò ṣeé ha. Àfi kí wẹ́dà gé ibẹ̀ kúrò, kí ó jó irin tuntun mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tó fẹ́ ta ọkọ̀ lè mọ bọ́dífílà bo ihò náà, kí ó kun ọ̀dà lé e, kí ó máa dán. Ojú lásán kò lè rí i. Ẹ wá òòfà kékeré, irú èyí tó wà lẹ́yìn ibi tí ohùn ti ń jáde lára rédíò tó ti bàjẹ́. Ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ wé e kó má baà ha ọ̀dà, kí ẹ sì máa gbé e kiri ara ọkọ̀. Níbi tó bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, irin ni. Níbi tó bá ti jábọ́, bọ́dífílà ló wà níbẹ̀. (Àwọn ọkọ̀ tuntun ní ibi tó jẹ́ ike látilẹ̀wá, kí ẹ má lọ bá ọlọ́kọ̀ jà lásán.) Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́ ẹní sílẹ̀, kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Ẹ fi òòlù kékeré kan àwọn irin ńláńlá ibẹ̀. Èyí tó ṣì le yóò dún bí agogo. Èyí tí ìpẹtà ti jẹ, ohùn rẹ̀ yóò kú.

Ọkùnrin wa kò mú òòfà lọ. Ọ̀dà ló wò.

Nígbà tí wẹ́dà gé ẹ̀gbẹ́ kan ilẹ̀ ọkọ̀ náà, irin tó yẹ kó jó tuntun mọ́ fọ́ bíi bisikíìtì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gé síwájú. Ìyẹn náà fọ́. Ìyàwó, ẹni tó ti ṣáájú ọkọ rẹ̀ wọ kíláàsì wa, ra ìwé kékeré kan, ó sì ń kọ gbogbo owó tó ń jáde sínú rẹ̀. Ohun tí a dà kọ láti inú ìwé náà sí ojú pátákó rèé:

Irin pẹlẹbẹ méjì: ₦48,000
Owó iṣẹ́ wẹ́dà: ₦35,000
Páìpù búréèkì àti iṣẹ́ rẹ̀: ₦21,500
Sàlẹ́ńsà: ₦15,000
Rédíétọ̀: ₦28,000
Gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì àti iṣẹ́ rẹ̀: ₦33,000
Táyà àlòkù méjì: ₦36,000
Bátìrì: ₦32,000
Fífa ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì: ₦18,000
Owó ọkọ̀ lọ ra páàtì ní Òṣogbo àti Ìbàdàn: ₦11,500

Ẹ rò ó pọ̀. ₦278,000 ni. Ẹ rántí pé ₦80,000 ni mẹkáníìkì pè é. A kò sọ pé ó purọ́. Ojú ni òun náà fi wò ó.

Ẹ tún wo ìlà kẹta. Páìpù búréèkì kò tóbi ju ìka ọwọ́ ọmọ kékeré lọ, òun sì ni omi búréèkì ń gbà dé táyà. Ìpẹtà ti jẹ ẹ́ dé ibi tí yóò bẹ́ ní ọjọ́kọ́jọ́. Ọkọ fẹ́ kọ́kọ́ kun ọkọ̀ náà ní búlúù kí àwọn aládùúgbò lè rí i. Wẹ́dà ló kọ̀ fún un, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká mọ̀ bóyá yóò dúró ná, ká tó máa ṣe é lẹ́ṣọ̀ọ́.” A kí wẹ́dà náà púpọ̀ nígbà tí a gbọ́. Bí owó yín kò bá tó nǹkan, ẹ tún búréèkì ṣe, kí ẹ fi ọ̀dà sílẹ̀.

Owó kan tún wà tí wọn kò kọ sínú ìwé. Ọjọ́ ọjà mẹ́sàn-án ni ọkọ̀ náà fi wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì àti wẹ́dà, tí wọ́n ṣì ń háyà ọkọ̀ ẹlòmíràn. ₦6,000 lọ́nà mẹ́sàn-án jẹ́ ₦54,000. Owó àtúnṣe ni ìyẹn náà. Ó yá, ẹ jẹ́ kí a kó o pọ̀: ₦650,000 tí wọ́n fi rà á, ₦278,000 àtúnṣe, àti ₦54,000 ọjọ́ ìdúró. Ó di ₦982,000. Ti Òṣogbo tí wọ́n sá fún, ₦850,000 ni. Ọkọ̀ pọ́ọ́kú ti fi ₦132,000 ju ọkọ̀ ọ̀wọ́n lọ. Òótọ́ ni pé ti Òṣogbo náà ìbá gba àtúnṣe tirẹ̀, nítorí kò sí ọkọ̀ àlòkù tí kì í béèrè nǹkan. Ṣùgbọ́n ọkọ fi òòlù kan irin abẹ́ ọkọ̀ ti Òṣogbo lẹ́yìn náà, nígbà tó ti pa á lára. Ó ní ó dún bí agogo.

Ìwé ìyàwó yìí tún ṣe iṣẹ́ mìíràn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, ó ń kà á lọ, ó rí i pé wọ́n ra gásíkẹ́ẹ̀tì ní oṣù kẹjọ, wọ́n sì tún ti ra òmíràn. Ó mú ìwé náà lọ bá mẹkáníìkì.

“Ọ̀gá, ẹ má bínú o. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo rí gásíkẹ́ẹ̀tì nínú ìwé mi.”

Inú bí ọ̀gá. “Ìyá, ṣé ẹ fẹ́ sọ pé mo jí i ni?”

“Rárá o. Ohun tó ń pa á ni mo fẹ́ mọ̀.”

Mẹkáníìkì dákẹ́. Ó tú orí ẹ́ńjìnnì, ó gbé irin tó gún régé lé e, ó sì rí ìmọ́lẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Orí ẹ́ńjìnnì ti tẹ̀. Rédíétọ̀ àtijọ́ ni ìpẹtà ti dí, nítorí omi odò ni wọ́n ń bù sínú rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ́ńjìnnì gbóná jù, orí rẹ̀ sì tẹ̀. Wọ́n ti pààrọ̀ rédíétọ̀, ṣùgbọ́n orí tó tẹ̀ kò lè di gásíkẹ́ẹ̀tì kankan mú. Wọ́n gbé e lọ sí Òṣogbo, wọ́n lọ̀ ọ́ títí ojú rẹ̀ fi tẹ́jú ní ₦20,000. Gásíkẹ́ẹ̀tì kẹta ni wọ́n fi sí i, kò sì jó mọ́.

Ọkọ̀ náà ṣiṣẹ́ dáadáa fún ìgbà díẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀ lọ́jà. Dọ́là kan tó wà ní nǹkan bí ₦460 kọjá ₦1,500 ní ọdún 2024. Òkè òkun ni ọ̀pọ̀ páàtì ti ń wá, nítorí náà ohun tí wọ́n ń rà tẹ́lẹ̀ gbówó lórí gidigidi.

Ní ọdún 2024 náà, ṣáàsì, irin gígùn tó gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ dúró, là níbi tí ìpẹtà ti jẹ ẹ́. Wẹ́dà pe ₦140,000. Ọkọ fẹ́ san án. Ó ní, “Owó tí mo ti ná sórí rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ṣé kí n wá ju gbogbo rẹ̀ nù ni?”

Ìyàwó ṣí ìwé. “Bàbá àwọn ọmọ, owó yẹn ti lọ. Bí a tún un ṣe, ó ti lọ. Bí a tà á, ó ti lọ. Èyí tó kù lọ́wọ́ wa ni kí a bi ibi tó ń lọ.”

Wọ́n gbé e wá sí kíláàsì, a sì jọ ṣe é lójú pátákó. Háyà ọkọ̀ ti di ₦15,000. Bí wọ́n bá lo tiwọn, epo jẹ ₦7,000, ó ku ₦8,000. Ọjà mẹ́fà ni wọ́n ń ná lóṣù, ìyẹn ₦48,000. Nínú oṣù mẹ́fà tó kọjá, àtúnṣe kéékèèké ń gba ₦39,000 lóṣù, gẹ́gẹ́ bí ìwé ti wí. Èrè tó kù jẹ́ ₦9,000. Kí ₦140,000 tó padà, yóò lé ní oṣù 15. A bi wẹ́dà bóyá iṣẹ́ òun yóò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ó ní òun kò lè ṣe onígbọ̀wọ́ òjò kan ṣoṣo.

Ọkọ jókòó síbẹ̀ pẹ́, kò sọ nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ kejì ló tà á. Ẹni tó ń ta páàtì mú ẹ́ńjìnnì àti jíà, oníjákujàku irin kó ìyókù. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦320,000. Ṣáájú ohun gbogbo, wọ́n yọ ₦200,000 owó àjọ ìyàwó, wọ́n dá a padà sí ọwọ́ rẹ̀. Lónìí, ìdílé mẹ́ta ló ń pawọ́ pọ̀ háyà ọkọ̀ kan lọ́jọ́ ọjà.

Ìṣirò tí ẹ ó ṣe nílé nìyí. Ẹ yọ ₦320,000 kúrò nínú ₦982,000, kí ẹ kọ iye tó kù. Lẹ́yìn náà, ẹ ro owó gásíkẹ́ẹ̀tì kejì àti ìkẹta mọ́ ọn, ní ₦33,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iṣẹ́ rẹ̀, àti owó lílọ̀ orí ẹ́ńjìnnì. Owó ọdún 2023 àti 2024 kò tíì sí níbẹ̀. Ìyàwó náà ti ní òun yóò mú ìwé òun wá sí kíláàsì, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì ka ìyókù sókè fún wa.