Giacinto Facchetti, Agbábọ́ọ̀lù Ẹ̀yìn

Ní ọdún 1942 ni a bí Giacinto Facchetti ní ìlú Treviglio, ní ìhà àríwá ilẹ̀ Ítálì. Nígbà èwe rẹ̀, iwájú ni ó ń gbá, nítorí ó ga, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé ẹgbẹ́ Inter ti ìlú Milan, Helenio Herrera, olùkọ́ wọn, mú un lọ sí ẹ̀yìn lápá òsì. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ìbá ka èyí sí ìyà.

Láyé ìgbà náà, agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn kì í sábà kọjá ààrin pápá. Inter pàápàá a máa ṣọ́ ilé rẹ̀ bí onílé tí ó fi ìdábùú há ilẹ̀kùn lálẹ́. Armando Picchi ni ó ń dúró lẹ́yìn gbogbo wọn láti gbá ohun tí ó bá yọ́ kọjá dànù. Nítorí pé Picchi wà níbẹ̀, Facchetti lè fi ipò rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sáré dé ẹnu ilé àwọn alátakò. Ẹni tí ó yẹ kí ó máa yọ ọ́ lẹ́nu a sì di ẹni tí ń sá tẹ̀lé e. Ní ọdún 1965, Liverpool ti fi 3 sí 1 na Inter nílé tiwọn. Nígbà tí wọ́n wá sí Milan, Inter fi 3 sí 0 san án. Facchetti ni ó gbá ẹ̀kẹta wọlé. Nínú ìdíje ilẹ̀ Ítálì ti ọdún 1965 sí 1966, góòlù 10 ni ó gbá wọlé, ohun tí ojú kò rí rí lọ́dọ̀ ẹni ẹ̀yìn.

Òun ni balógun Ítálì nígbà tí wọ́n pàdé àwọn ará Soviet ní ìlú Naples ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 1968, nínú ìdíje ife Yúróòpù. Fún 120 ìṣẹ́jú, kò sí ẹni tí ó gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Adájọ́ eré pe balógun méjèèjì wọ inú ilé, ó sì mú owó kan jáde láti jù ú sókè. Facchetti ní ẹ̀yìn owó ni òun mú. Ẹ̀yìn náà ni ó sì jáde. Àwọn òǹwòran kò tí ì lọ. Ó sáré jáde tọ̀ wọ́n lọ, ayọ̀ rẹ̀ ni wọ́n sì fi mọ ẹni tí ó yege. Irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ kò tọ́ sí ẹni tí ó ti làágùn fún wákàtí méjì; ní ọdún 1970 ni a fi pẹnáritì rọ́pò rẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù náà, Ítálì borí Yugoslavia pẹ̀lú 2 sí 0 ní Róòmù, Facchetti sì gba ife.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a lé e jáde lórí pápá láti ìgbà tí ó ti ń gbá bọ́ọ̀lù fún Inter, nítorí pé ó pàtẹ́wọ́ ẹ̀gàn fún adájọ́ eré. Kò gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ mìíràn títí ó fi ṣíwọ́ ní ọdún 1978. Nígbà náà, ó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Ítálì ní ìgbà 94.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2004, Inter fi í ṣe ààrẹ ẹgbẹ́. Ipò náà ni ó wà tí àrùn jẹjẹrẹ fi pa á ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2006. Ẹgbẹ́ náà kò sì fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀wù 3 rẹ̀ wọ̀ mọ́.