Ìrora Tí Kì Í Lọ: Ohun Tí Ilé Ìwòsàn Àwọn Ológun Kọ́ Wa

Ìrora ọgbẹ́ tuntun kì í bà mí lẹ́rù púpọ̀, nítorí bí ọgbẹ́ bá ti ń jinná ni òun náà ń lọ. Èyí tó bá lé ní oṣù mẹ́ta, tí ojú ọgbẹ́ ti di tí ara sì ń dun ni síbẹ̀, òun ni iṣẹ́.

Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó ti Iraq àti Afghanistan bọ̀ mọ̀ ọ́n dáadáa. Ní 2009, ọ̀gá àgbà àwọn dókítà ológun orí ilẹ̀ níbẹ̀ gbé ìgbìmọ̀ kan dìde lórí rẹ̀. Ìròyìn wọn jáde ní 2010. Wọ́n ní kí a má gbára lé oògùn ìdílé mọfíìnì nìkan, kí a fi eré ìdárayá, ara wíwọ́, abẹ́rẹ́ àwọn ará Ṣáínà àti ìtọ́jú ọkàn kún un. Oògùn yẹn dára fún ọgbẹ́ tuntun. Ṣùgbọ́n bí a bá ń lò ó láti oṣù dé oṣù, ara a mọ́ ọn, a tún máa béèrè sí i, bẹ́ẹ̀ ó lè pa èémí mọ́ni nínú.

Nọ́ọ̀sì wọn kì í bi aláìsàn pé mélòó ni ìrora rẹ̀ láti 0 dé 10, kó sì dákẹ́. Yóò tún bi í bóyá ìrora ń dí iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, bóyá ó ń sùn, bí inú rẹ̀ ti rí, àti bí wàhálà bá wà lọ́kàn rẹ̀. Ti oorun yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Ẹni tí kò sùn, ìrora rẹ̀ a di méjì.

Ẹlòmíràn wà tí a ti gé lẹ́sẹ̀, síbẹ̀ tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ náà ń ro ó. Ẹ má rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ọ̀ràn àjẹ́: ọpọlọ ni kò tíì gbàgbé ẹsẹ̀ náà. Ní ilé ìwòsàn Walter Reed, wọ́n gbé dígí sí àárín ẹsẹ̀ irú wọn, kí aláìsàn máa wo òjìji ẹsẹ̀ tó kù bí ó ti ń mi ín, ìṣẹ́jú 15 lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Nínú ìròyìn tí wọ́n kọ ní 2007, àwọn mẹ́fà tó lo dígí náà ni ìrora wọn dínkù. Mẹ́fà kò pọ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n dígí kò wọ́n.

Bí ìbàdí bàbá bá ń ro ó nílé, ẹ má jẹ́ kó dùbúlẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́; kó rìn díẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ má ra tramadol fún un láìsí ìwé dókítà. Bí ó bá sì ti ń lò ó pẹ́, kó má ṣe já a lójijì. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń kú tàbí tí kò lè di ìtọ̀ rẹ̀ mú, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an ni.